Ẹran Tó Ki Lẹ́yìn Ojúgun: Ṣé Ó Ń Dí Eré Ọ̀nà Jíjìn Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: "Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Òṣogbo, obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 29. Mo ń múra sílẹ̀ fún eré ìje ọ̀nà jíjìn tí wọ́n máa ń sá ní Èkó, èyí tó ju kìlómítà 42 lọ. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun mi ki bí iṣu, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Kóòṣì tó ń tọ́ mi sọ́nà sọ pé irú ẹsẹ̀ yìí máa ń jẹ agbára ni, pé kí n wo ẹsẹ̀ àwọn ará Kẹ́ńyà bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́, kí n sì lọ máa sá eré mítà 100. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe sí i?"

Ìdáhùn: Kóòṣì yín rí nǹkan kan lóòótọ́, àmọ́ ó kà á sí ju bó ṣe tó lọ. Ìwúwo ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ máa ń fi kún agbára tí eré sísá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kò sí iyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà láàárín orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, kíki ẹran kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Okùn iṣan tó so ẹran náà mọ́ gìgísẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́, okùn yìí sì wà lára ohun tí ìdánrawò lè tún ṣe.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ lórí ara àwọn eléré ìdárayá ní lọ́kàn nígbà tí a bá sọ pé sárésáré kan mọ agbára ṣọ́ lò. Bí ọkọ̀ méjì bá jọ gbéra láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n jọ rìn, tí wọ́n jọ dé, tí ọ̀kan jẹ epo lítà 8 tí èkejì jẹ lítà 12, a mọ èyí tí a ó fi náwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń wọn iye afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara sárésáré ń lò fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lórí kìlómítà kan. Ẹni méjì lè jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èkejì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni kóòṣì yín rí. Ẹ mú àáké kan, ẹ di ìparí èèkù rẹ̀ mú, kí ẹ sì máa fì í síwájú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ dì í mú níbi tó ti sún mọ́ irin, kí ẹ tún fì í. Àáké kan náà ni, ìwúwo rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ohun tó wúwo bá jìnnà ní ìlọ́po méjì sí oríkèé tí a ti ń fì í, wàhálà fífì rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Oríkèé ìbàdí ni a ti ń fi ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré, fífì yìí nìkan sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára tí eré ń jẹ. Ìdí nìyí tí ẹranko tó mọ eré í sá kì í fi í ní ẹran púpọ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹ wo ògòǹgò, ọba ẹyẹ: gbogbo ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ kó jọ sí òkè, lábẹ́ ìyẹ́, egungun àti iṣan nìkan ló kù sísàlẹ̀, ìka ẹsẹ̀ méjì péré ló sì fi ń tẹ ilẹ̀. Oríkèé tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní orúnkún rẹ̀, tí wọ́n ní ó tẹ̀ sẹ́yìn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni. Ẹṣin rí bẹ́ẹ̀, ẹtu rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ènìyàn náà, ẹ̀rí wà. Ní ọdún 2006, Alejandro Lucia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sípéènì fi àwọn ògbólógbòó sárésáré Ẹritíríà wé ti Sípéènì. Àyíká ẹran ẹ̀yìn ojúgun àwọn ará Ẹritíríà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31, ti àwọn ará Sípéènì sì jẹ́ 34. Nígbà tí wọ́n jọ ń sáré kìlómítà 21 ní wákàtí kan, ọ́síjìn tí àwọn ará Ẹritíríà lò kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Irú ìwádìí báyìí ni ọ̀rọ̀ kóòṣì yín ti wá, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni àwọn ará Ẹritíríà yìí ní; egungun ojúgun wọn gùn jù ti àwọn ará Sípéènì lọ, ìgbésí ayé wọn yàtọ̀, òkè gíga ni wọ́n sì ti dàgbà. Ohun méjì tó jọ rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ bí ìwúwo yìí ṣe tó. Àwọn tó ti wọn bàtà wò rí i léraléra pé bí a bá fi gíráàmù 100 kún bàtà kọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn tí ara ń lò a fi nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bàtà wà ní ìparí ẹsẹ̀ pátápátá. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun sún mọ́ ìbàdí jù ú lọ: bí a bá ní ó tó sẹ̀ǹtímítà 60 láti oríkèé ìbàdí sí ibi tí ẹran náà ti ki jù, tí ó sì tó 85 dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìṣirò àáké tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan yóò fi hàn pé gíráàmù 100 níbi ẹran kò ní ju ìdajì wàhálà gíráàmù 100 nínú bàtà lọ. Nítorí náà, bí ẹran ẹsẹ̀ yín bá fi gíráàmù 200 ju ti ọ̀rẹ́ yín lọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wọ bàtà tó fi gíráàmù 100 wúwo ju tirẹ̀ lọ ni ẹ jọ. Ẹ lọ fi òṣùwọ̀n wọn bàtà tí ẹ fi ń sáré. Mo ti rí ẹni tó ń ṣàròyé nípa ẹsẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn, tó sì jẹ́ pé bàtà gíráàmù 350 ló wọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wàyí ni okùn iṣan. Ẹ jókòó, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ yín, lókè gìgísẹ̀ díẹ̀. Okùn líle tí ẹ dì mú yẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní Achilles. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní iṣan gìgísẹ̀. Bí ẹ bá fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó le sí i; bí ẹ bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, a dẹ̀. Ẹran méjì ló jọ so mọ́ ọn. Èyí tó wà lóde, tó là sí méjì tó sì yọ gọngọ, gastrocnemius, ti òkè orúnkún wá. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀, soleus, ìsàlẹ̀ orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún fọ́nrán rẹ̀ ló jẹ́ irú èyí tí kì í tètè rẹ̀, òun sì ni òṣìṣẹ́ tòótọ́ nínú eré ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ yín láti ẹ̀yìn, ti òde ló ń rí.

Iṣan gìgísẹ̀ kì í ṣe okùn lásán, rọ́bà ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, ìwúwo ara a fà á gùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kúrò nílẹ̀, a sún kì, a sì ta ara síwájú, bí ìgbà tí ọmọdé bá fa rọ́bà tó fi ń ta òkò, tó wá jù ú sílẹ̀. Ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ ló ń dá padà, láì jẹ oúnjẹ, láì lo ọ́síjìn. Ní ọdún 1987, R. McNeill Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹsẹ̀ ènìyàn tí àwọn dókítà ti gé nítorí àìsàn sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n sì wọn ohun tó dá padà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 70, tó ń sáré mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìwọ̀n eré tó lè parí eré ìje yín ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 36. Agbára tí ara rẹ̀ ń gbà tó sì ń tú sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà nílẹ̀ tó júùlù 100 (júùlù ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára). Iṣan gìgísẹ̀ ń tọ́jú 35 nínú rẹ̀, ibi tó tẹ̀ bí ọrun lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń tọ́jú 17. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ náà, rọ́bà ló ń ṣe é.

Ẹ wá rí ipò tí ẹran wà nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di okùn náà mú ṣinṣin kí okùn lè rí ohun tí yóò fà mọ́. Ẹni tó di okùn àgbò mú, tó dúró gbọn-in tí kò jẹ́ kó lọ, kì í rẹ̀ tó ẹni tó ń wọ́ àgbò náà bọ̀ láti ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran tó dì mú láìsún kì púpọ̀ kì í jẹ agbára tó èyí tó ní láti máa fà kó sì máa sún kì. Bí okùn bá ti dẹ̀ jù, ẹran ní láti sún kì kó tó rí okùn náà fà le, oúnjẹ a sì máa lọ lórí ìyẹn. Bí okùn bá le tó, ẹran a lè dúró gbọn-in. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ki, tí okùn rẹ̀ sì le, kò sí nínú ewu tí kóòṣì yín ń sọ.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tó lè yí padà, gígùn gìgísẹ̀ ni. Ọrùn ẹsẹ̀ dà bí òkúta tí a gbé ọ̀pá lé láti fi yí igi ńlá: iwájú ẹsẹ̀ ni apá kan ọ̀pá, gìgísẹ̀ ni apá kejì. Ká ní iwájú ẹsẹ̀ ẹnì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 láti ọrùn ẹsẹ̀, tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ilẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìwúwo ara rẹ̀, iṣan náà ní láti fà ní ìlọ́po mẹ́fà ààbọ̀. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60, ó tó kìlógíráàmù 390, lórí okùn tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí gìgísẹ̀ bá kúrú sí sẹ̀ǹtímítà 4.5, ó di 433. Okùn tó fa ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tọ́jú agbára tó fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tí Melanie Scholz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008 lórí sárésáré 15, àwọn tí gìgísẹ̀ wọn kúrú ló ń lo ọ́síjìn tó kéré jù.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àbí? Rárá o. Ní 2014, Kunimasa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹsẹ̀ àwọn ògbóǹtagí ará Kẹ́ńyà, wọ́n fi wé ti àwọn ará Japan, wọ́n sì rí i pé àwọn ará Kẹ́ńyà ni gìgísẹ̀ wọn gùn jù, tí okùn iṣan wọn náà sì gùn jù. Gìgísẹ̀ gígùn kì í jẹ́ kí ẹran lo agbára púpọ̀ láti gbé ara. Gìgísẹ̀ kúkúrú ń jẹ́ kí rọ́bà tọ́jú púpọ̀. Ọ̀nà méjèèjì wọ ọjà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ará Kẹ́ńyà, ẹ bi í léèrè pé apá ibo nínú rẹ̀.

Apá kejì ìbéèrè yín ni ohun tí ẹ lè ṣe. Paula Radcliffe, sárésáré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù, torí pé ọwọ́ onímọ̀ kan náà, Andrew Jones, ló ń wọ̀n ọ́n fún ọdún púpọ̀. Ní 1992, ara rẹ̀ ń lo mìlílítà ọ́síjìn 205 fún kìlógíráàmù kan lórí kìlómítà kan. Ní 2003, ọdún tó sá eré Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, ó ti wálẹ̀ sí 175. Gbogbo ọ́síjìn tí ara rẹ̀ lè gbà pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kúrú, ojúgun rẹ̀ kò gùn. Zersenay Tadese, ará Ẹritíríà tó sá ìdajì eré ọ̀nà jíjìn ní Lisbon lọ́dún 2010 ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 23, lo nǹkan bíi 150, mi ò sì rò pé ìdánrawò lásán lè gbé gbogbo ènìyàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 205 dé 175, ọ̀nà tó jìn nìyẹn.

Èyí tó kan okùn iṣan gan-an, Kirsten Albracht àti Adamantios Arampatzis dán an wò ní Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2013. Ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n fi fún àwọn sárésáré ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n máa fi iwájú ẹsẹ̀ ti ohun tí kì í yẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára wọn, fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí wọ́n sinmi 3, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀wọ́ márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Okùn iṣan wọn le sí i, agbára tí eré ń gbà lọ́wọ́ wọn sì fi nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ẹ fi wé ìdá 1 tí gíráàmù 100 inú bàtà ń gbà.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ wọn. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ kan tán, kí ẹ fi bẹ́líìtì tí àwọn onímọ́tò fi ń di ẹrù yí ìbàdí yín ká kó sì gba iwájú ẹsẹ̀ kọjá, ẹ dì í le, kí ẹ wá máa fi iwájú ẹsẹ̀ tì í. Ọ̀já ìpọnmọ kò ní ṣe é, torí pé ó ń fà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má ṣe kọjá ìdajì agbára yín. Kí ẹ sì fi gbígbé gìgísẹ̀ sókè lórí àtẹ̀gùn kún un: ẹsẹ̀ kan, gìgísẹ̀ lóde àtẹ̀gùn, orúnkún nínà fún ẹran òde, lẹ́yìn náà orúnkún títẹ̀ díẹ̀ fún soleus. Ẹran a máa tètè dáhùn, okùn a máa lọ́ra, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìpalára tí mo ti tọ́jú wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹran rẹ̀ ti le ní oṣù kejì, tó sì rò pé okùn ti bá a dé ibẹ̀.

Ẹ má ṣe torí eré yìí yí bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ padà lójijì. Ẹni tó ti ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní jèrè agbára kankan nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹrù tó ń ru sórí iṣan gìgísẹ̀ nìkan ni yóò pọ̀ sí i. Bí ibẹ̀ bá le tàbí ó ń dùn yín ní àárọ̀ nígbà tí ẹ bá dìde ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má lọ ra ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ní ìsọ̀ oògùn fúnra yín nítorí inú rírun kí ẹ tún jáde lọ sáré lọ́jọ́ kejì. Láti 2008 ni àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé irú oògùn yìí lè ba iṣan gìgísẹ̀ jẹ́, kódà kó já.

Ní ti eré mítà 100, bó bá wù yín, ẹ sá a, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹran ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo ọ̀gbà mítà 100 ní Eugene lọ́dún 2022, kò sí ẹni tó bi í pé mélòó ni ọ́síjìn tó lò, torí pé eré náà ti parí kí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ agbára lò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin fi wákàtí mẹ́rin sá tiyín. Lọ́la, kí ẹ tó jáde, ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ kà á bí ìgbà tí ẹ lè gbé gìgísẹ̀ sókè pátápátá kó tó rẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó. Bó bá tó 25 lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ bẹ́líìtì náà lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá tó 15, orí àtẹ̀gùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lo oṣù kan.